Ṣé kí ìlú kékeré ra ọkọ̀ panápaná alákàbà gíga?

Káńsẹ́lọ̀ Tuntun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi.

Oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò nínú ìgbìmọ̀ ìlú wa. Ìlú náà kò tóbi. Ọkọ̀ panápaná méjì la ní: èyí tó ń gbé omi tó sì ní pọ́ǹpù, tó ti lo ọdún 22, àti ọkọ̀ kékeré kan tó ń kó irinṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, iná sọ lóru ní ilé alájà mẹ́rin kan tó ní àtẹ̀gùn ẹyọ kan. Àwọn panápaná tètè dé, àmọ́ àkàbà tí wọ́n fọwọ́ gbé wá kò dé fèrèsé òkè pátápátá. Ọkùnrin kan wà lójú fèrèsé yẹn, ó fi aṣọ tútù bo imú, títí ọkọ̀ alákàbà ìlú kejì fi dé. Ìṣẹ́jú 26. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wò ó, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, fídíò rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn.

Láti ọjọ́ yẹn, ariwo kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ẹ ra tiwa. Ọ̀gá panápaná ti kọ̀wé sí wa. Ẹni tó fẹ́ tà á ti wá, ó gbé ìwé dídán lọ́wọ́, ó ní mítà 30 ni, ó ní tí a bá fọwọ́ síwèé kí oṣù yìí tó parí, òun á dín owó kù. Owó ọkọ̀ kan yìí ju gbogbo ohun tí a ń ná sórí panápaná lọ́dún kan lọ, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú ìyẹn o. A máa yáwó ni, ká sì fi ọdún 15 san án.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká dìbò. Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní mo fẹ́ kí èèyàn jóná. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tí mo ń tẹ̀ka sí. Kí ló yẹ kí n béèrè? Ẹni tó bá ti wà nídìí irú nǹkan yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí níran.

Nọ́ọ̀sì Òru

Mi ò ní ní kí ẹ má rà á. Mo kàn fẹ́ kí ẹ lọ ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìpè sí ní ibùdó panápaná yín. Nínú ìpè 100, mélòó ni iná ilé gíga?

Ọkọ̀ aláìsàn ni èmi ń bá lọ. Nínú iṣẹ́ tèmi, ọkàn tó dédé dúró ni mo ń bá pàdé, kì í ṣe fèrèsé. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó ń tẹ àyà aláìsàn, láìsí ẹ̀rọ AED tó ń fi iná ta ọkàn jí, ìrètí pé á yè ń fi nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 lọ sílẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ yẹn ò tóbi ju báàgì ọmọ iléèwé lọ, ẹni tí kò kàwé rẹ̀ rí lè lò ó, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Owó ọkọ̀ alákàbà kan á ra èyí tí ẹ máa gbé kọ́ sí gbogbo ibi tí èrò ń pé sí ní ìlú yín, á tún ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Kò kàn sí ẹni tó máa ya fídíò rẹ̀ ni.

Mo Wà Lójú Fèrèsé

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín dáa létí. Àmọ́ èmi ti dúró lójú fèrèsé rí. Àjà kẹfà, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Èéfín yẹn kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń rí i lókèèrè. Dúdú ni, ó nípọn, ó sì ń ti òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń fa kọ́tìnì. Nígbà tó dé ìbàdí mi, mo wólẹ̀, mo fẹnu mọ́ etí fèrèsé. Mo gbọ́ ìró àkàbà náà kí n tó rí i, irin tó ń yọ látinú irin, gìrìgìrì, gìrìgìrì, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó nà sí mi, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ le gbagidi, ó ń rùn bí róbà tó jóná. Mo ṣì mọ òórùn yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe ọ̀kan nínú ìpè 100, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Káńsẹ́lọ̀, ẹ rà á.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà

Ẹni tó wà lójú fèrèsé, ẹ kú ewu. Ní àjà kẹfà, kò sí ohun mìíràn tó lè dé ọ̀dọ̀ yín àfi ọkọ̀ yẹn, mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò lè rí láti òkè níbẹ̀, torí èmi ni mo máa ń wà nísàlẹ̀ tí mo ń di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Ọdún 17 ni mo fi wa ọkọ̀ alákàbà, mo tún fi ọdún mẹ́jọ tún wọn ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì.

Àbúrò káńsẹ́lọ̀, ẹ gbé ìwé dídán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mítà 30 tí wọ́n kọ síbẹ̀, gígùn àkàbà ni nígbà tó bá nà tán. Kì í ṣe gíga tó máa dé lára ilé yín. Ọkọ̀ kì í fara ti ògiri; gọ́tà wà níbẹ̀, fẹ́ǹsì wà níbẹ̀, mọ́tò tí wọ́n páàkì wà níbẹ̀. Bí ó bá dúró ní mítà 20 sí ògiri, àkàbà mítà 30 kò ní dé gíga tó ju bí mítà 22 lọ, ká tó ka gíga ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣirò iléèwé ni, ẹ fi rúlà yà á sórí bébà. Bí àkàbà bá sì ṣe ń tẹ̀ síta tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tó lè gbé ń dín kù, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á dá a dúró kó má baà dojú dé. Àwọn ará Jámánì kì í tiẹ̀ fi gígùn nìkan pe tiwọn. Wọ́n ń pè é ní 23/12: tó bá wà ní mítà 12 sí ògiri, ó gbọ́dọ̀ dé gíga mítà 23. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé mélòó sí mélòó ni tiẹ̀, kẹ́ ẹ wojú ẹ̀.

Ẹ tún bi í nípa ẹsẹ̀. Ọkọ̀ alákàbà kì í na ọrùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀. Irin mẹ́rin ló máa yọ sí ẹ̀gbẹ́, tó máa tẹlẹ̀, tó máa gbé táyà kúrò nílẹ̀. Èyí tí èmi wa nílò ààyè tó fẹ̀ ju mítà 5 lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le.

Mo rántí òru kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyá kan àti ọmọ méjì lójú fèrèsé. Mo páàkì, mo yọ ẹsẹ̀, mo fi pátákó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í rì, díẹ̀díẹ̀, torí kòtò àtijọ́ kan wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Iná pupa tàn níwájú mi, àkàbà ò dìde. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ká ní ó dìde ni, gbogbo wa la ó jọ ṣubú. Mo kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mo sún ọkọ̀ síwájú, mo tún yọ wọ́n. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá yẹn ń wò mí ní gbogbo àsìkò náà, kò pariwo. A gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ títí dòní, tí mo bá rí ọ̀dà tó sán lójú títì, mo máa ń yà fún un.

Wáyà iná ńkọ́? A kì í jẹ́ kí àkàbà sún mọ́ wáyà tó ní agbára tó mítà 3. Ìwúwo ńkọ́? Ti Amẹ́ríkà tó tóbi máa ń lé ní tọ́ọ̀nù 30. Irú 23/12 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ju bí tọ́ọ̀nù 16 lọ. Ẹ wo pátákó tó wà lẹ́nu afárá yín. Ẹ wọn ilẹ̀kùn ibùdó yín pẹ̀lú. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ tuntun dé, tí fèrè ń dún, tí àwọn èèyàn pàtàkì wọ aṣọ ńlá, ọkọ̀ ò wọlé. Ó ku bí ìwọ̀n ìka kan. Oṣù méjì ló fi sùn níta nínú òjò kí wọ́n tó wó òkè ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Ta ló máa gun ún? Òfin àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé kí ẹni méjì tó wọnú ilé tó ń jó, ẹni méjì gbọ́dọ̀ wà níta tó ń retí wọn. Mẹ́rin nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àkàbà. Lóru, mélòó ló ń sùn sí ibùdó yín? Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹ ra ọkọ̀ kejì tí ẹ ò gba èèyàn, ẹ̀yin ò ní ọkọ̀ méjì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní tó ń ṣiṣẹ́, èkejì kàn dúró tì í ni. Ẹni tó ń darí àkàbà kò lè máa fa họ́ọ̀sì.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn UL, iléeṣẹ́ tó ń dán ewu iná wò ní Amẹ́ríkà, ti sun yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti wò ó. Èyí tó ní àga igi àti òwú bíi ti ayé àtijọ́ lo ju ìṣẹ́jú 25 lọ kí gbogbo yàrá tó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ní fóòmù àti ọ̀rá bíi ti ilé òde òní kò lo ìṣẹ́jú 5. Ẹni tí omi ò bá tètè dé sórí iná tó ń jó lábẹ́ rẹ̀, àkàbà lè máà bá a.

Mo wá fẹ́ bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹ má dá mi lóhùn láti ilé, ẹ lọ wò ó. Nínú ìṣẹ́jú 26 tí ọkọ̀ ìlú kejì lò, mélòó ni wọ́n fi rin ìrìn, mélòó ló kọjá kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n? Ilé gíga mélòó lẹ ní, mélòó nínú wọn sì ni ọkọ̀ lè na ẹsẹ̀ sí níwájú? Ẹ̀kẹta: àkàbà tí wọ́n fọwọ́ gbé wá lọ́jọ́ yẹn, mítà mélòó ni? Fèrèsé òkè pátápátá ní ilé alájà mẹ́rin kì í sábà ga ju mítà 10 tàbí 11 lọ. Àkàbà kan wà tó jẹ́ alápá mẹ́ta, okùn ni wọ́n fi ń fà á gùn, mítà 14 ni, èèyàn mẹ́rin ló ń gbé e dìde. Ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn.

Ayàwòrán Ilé

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà.

Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́rin yẹn pẹ̀lú àtẹ̀gùn ẹyọ kan? Ní Jámánì, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì téèyàn lè gbà sá jáde. Wọ́n gbà kí èkejì jẹ́ àkàbà panápaná. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ fèrèsé bá ti ga ju mítà 8 lọ sílẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ sí ilé náà àyàfi tí panápaná ìlú ọ̀hún bá ní ọkọ̀ tó lè dé ibẹ̀. Tí kò bá ní, kí onílé kọ́ àtẹ̀gùn kejì. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn dáadáa: gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá ń tẹ òǹtẹ̀ lu ilé gíga alátẹ̀gùn kan, ọkọ̀ alákàbà ló ń rà yẹn, owó rẹ̀ ni kò tíì san.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ISO tó ń fún ìlú ní máàkì nítorí owó ìbánigbófò máa ń wò ó bóyá ilé tó tó márùn-ún wà tó ní àjà mẹ́ta tàbí tó ga ju bí mítà 10 lọ kí wọ́n tó ní ibẹ̀ nílò ọkọ̀ alákàbà. Nínú máàkì yẹn, omi nìkan gba ìdá 40 nínú 100. Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó wúwo sí.

Mo sì rántí Grenfell Tower ní London, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017. Alájà 24, èèyàn 72 ló kú. Kò sí àkàbà kankan nínú ìlú ńlá yẹn tó lè dé òkè rẹ̀. Èyí tó jẹ́ mítà 42, ọ̀dọ̀ àwọn panápaná Surrey, agbègbè tó bá London pààlà, ni wọ́n ti yá a, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì kọjá kó tó dé. Lẹ́yìn náà London ra èyí tó ga tó mítà 64. Mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé iná yẹn gun òkè ni ìbòrí tí wọ́n fi lẹ ara ògiri lóde, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti àjà nínú ilé náà. Níṣẹ́ tèmi, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pa èèyàn.

Mo Wà Lójú Fèrèsé

Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí, ẹ máa ń mọ̀ ọ́n sọ. Ilé tí wọ́n ti kọ́ tán ńkọ́? Ṣé ká ní kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa retí àtẹ̀gùn kejì?

Ayàwòrán Ilé

Rárá. Ẹ ti bá mi níbẹ̀, òótọ́ ni. Fún èyí tó ti wà nílẹ̀, aago èéfín nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni ohun tó yá jù. Ní ilé tó ní èyí tó ń ṣiṣẹ́, ewu kí iná pa èèyàn dín ju ìdajì lọ. Ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ lójú àtẹ̀gùn náà sì wà, kó má jẹ́ kí èéfín gba ibẹ̀. Kò sí èyí tó gba oṣù kan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí èéfín bá ti ká mọ́lé, mo gbà, ọwọ́ ló ń retí.

Olùṣírò

Mi ò mọ nǹkan kan nípa iná. Owó ọdún 15 yẹn ló gbà mí láfiyèsí. Bàbá, ọdún mélòó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́?

Dẹ́rẹ́bà Àgbà

Ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Ìmọ̀ràn NFPA, àwọn tó ń gbé ìlànà iná kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni pé tí ọkọ̀ bá ti pé ọdún 15, kó bọ́ sẹ́yìn, kó di ìpamọ́, tó bá sì pé 25, kó fẹ̀yìn tì. Ọdún tí wọ́n bá san gbèsè tán ni ọkọ̀ náà máa bọ́ sẹ́yìn. Ká tó sọ ti àyẹ̀wò: ọdọọdún ni wọ́n ń dán àkàbà wò, tó bá sì di ọdún márùn-ún, wọ́n á gbé ẹ̀rọ wá wo inú irin rẹ̀ bóyá ó ti ń sán níbi tójú ò tó. Ẹni tó ń ṣe é kì í gbé nítòsí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń pè é. Ọ́ìlì haidirólíìkì, gírísì, okùn irin, kò sí èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn fúnni nínú wọn.

Àbúrò, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an rèé: ọkọ̀ pọ́ǹpù yín ti lo ọdún 22. Òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kì í ṣe àkàbà. Òun ló ń lọ sí gbogbo iná. Tó bá kú sójú títì lóru kan, àkàbà mítà 30 á kàn máa gbé yín ga kẹ́ ẹ lè rí bí ilé ṣe ń jó dáadáa ni.

Káńsẹ́lọ̀ Tuntun

Ẹ kú sùúrù, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi rin ìlú. Mo mú téèpù lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ìdí rẹ̀ mú, àwọn èèyàn rò pé a fẹ́ wó ilé wọn ni. Ẹnì kan tilẹ̀ lé wa.

Ilé tó ní àjà mẹ́rin sókè, 14 ni. Méjì péré ló ní àjà mẹ́fà. Nínú 14 yẹn, mẹ́fà ni ọkọ̀ lè na ẹsẹ̀ sí níwájú láìsí wáyà lókè orí rẹ̀. Afárá wa, tọ́ọ̀nù 20 ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí ọkùnrin yẹn ń tà, mo pè é, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní 31. Mẹ́rin nínú ilé gíga wa ló wà lódì kejì afárá, ọ̀kan nínú alájà mẹ́fà sì wà níbẹ̀. Mo bi í nípa mélòó sí mélòó, ó ní òun á padà pè mí. Ọjọ́ kẹta rèé.

Ìṣẹ́jú 26 yẹn, Bàbá, ẹ jẹ́ àgbà lóòótọ́. Mo ka ìwé ìpè. Ìṣẹ́jú 11 ló ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó pe ìlú kejì. Àwọn tiwa ní láti dé ibẹ̀, kí wọ́n wo òkè, kí wọ́n gbìyànjú àkàbà tiwọn, kí wọ́n tó béèrè ìrànwọ́. Ìṣẹ́jú 15 ni ìrìn fúnra rẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá panápaná ìlú kejì sọ̀rọ̀. Ó ní tí a bá fún òun ní orúkọ ilé 14 náà, wọ́n á máa gbéra lẹ́sẹ̀kan náà tí ìpè bá ti wọlé, kódà tó bá jẹ́ irọ́. Ó fẹ́ kí a máa san díẹ̀ lọ́dọọdún sórí àyẹ̀wò ọkọ̀ rẹ̀. Olùṣírò, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìwé àdéhùn tó fi ránṣẹ́.

Èyí tó wá gbé mi lọ́kàn sókè ni àkàbà. Èyí tí wọ́n gbé lọ lóru ọjọ́ yẹn, mítà 8 ó lé díẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ohun tó gùn jù tí wọ́n ní nìyẹn. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn mú mi lọ sẹ́yìn ibùdó. Alápá mẹ́ta, Bàbá, mítà 14, ó wà lórí ìṣó lára ògiri, aláǹtakùn ti ta sí i. Irin tó ń gbé e lé orí ọkọ̀ ti ṣẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n kọ̀wé, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Àti pé ẹni mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lóru, ẹni mẹ́ta ò sì lè gbé e dìde.

Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Òru

Háà.

Mo Wà Lójú Fèrèsé

Ọdún méjì, lórí irin kan ṣoṣo. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Àmọ́ káńsẹ́lọ̀, ilé alájà mẹ́fà méjì yẹn ṣì wà o. Mi ò tíì kúrò níbi tí mo dúró sí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé àdéhùn yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Káńsẹ́lọ̀ Tuntun

Mo ti kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ rèé: kí a má dìbò lórí ọkọ̀ alákàbà lóṣù yìí rárá. Kí a gba ẹnì kan sí i fún òru, kí a pààrọ̀ ọkọ̀ pọ́ǹpù, kí ilé méjèèjì tó ní àjà mẹ́fà gbé aago èéfín sí gbogbo yàrá kí oṣù mẹ́ta tó pé. AED ti wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì, mẹ́jọ ni mo kọ. Lọ́dún tó ń bọ̀ ká tún ọ̀rọ̀ àkàbà gbé yẹ̀ wò, èyí tí afárá wa lè gbà. Wọ́n lè lé mi kúrò lórí àga, kò burú.

Wẹ́dà á dé ibùdó lọ́la láago mẹ́jọ láti lẹ irin yẹn. Owó ọwọ́ mi ni.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà

Ẹ ní kó dúró ná. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àkàbà yẹn sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ìṣó, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n na apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Okùn tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, ẹ ju ú nù, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n fọwọ́ pa gbogbo ibi tí irin wọnú irin, kí wọ́n wò ó bóyá ó sán, kí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹrù nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gun ún kí ìyẹn tó parí. Ẹ ya fọ́tò ibi tí irin ti ṣẹ́ lára ọkọ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí kí wẹ́dà tó dé. Tó bá jẹ́ ibi tí mo rò ni, kì í ṣe lílẹ̀ ló fẹ́, bóòtù ni.